Bùbá Kan Ṣoṣo Ni Mo Fẹ́ Rà!

Ẹ̀ẹ̀mẹta lónìí, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣọ́ọ̀bù orí fóònù kan já mi kulẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Yìgì ọmọ ọmọ mi ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orúnkún ò jẹ́ kí n lè wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí Ọjà Ọba mọ́, ni mo fi ní kí n jókòó sílé, kí n ra bùbá àti ìró léèsì lórí fóònù. Mo gbé awò mi sójú. Lẹ́tà wọn dà bí ìgbà tí wọ́n fi eérú kọ̀wé sórí ẹfun. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kò fẹ̀. Ọmọge ni wọ́n fi gbogbo aṣọ wọ̀, a ò mọ ibi tí apá bùbá gùn dé. Wọ́n kọ XL síbẹ̀. XL ta ni? Télọ̀ mi a máa fi téèpù wọn àyà, a wọn ìdí, a wọn apá, a sì kọ ọ́ ní ìńṣì. Kí ló ṣòro nínú ìńṣì?

Mo yan èyí tó wù mí. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí mi dà. Kí ni ẹni tó ń ta bùbá fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ṣe? 1957 ni wọ́n bí mi, wọn ò sì jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Àfi kí n máa fà á láti ọdún yìí wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi já mi sí 1948, kí n tún máa fà á padà. Wọ́n béèrè postcode, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Ní Ìlọrin níbí! Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni ilé mi, gbogbo ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan kóòdù báńkì. Kí n jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, kí n ṣí àtẹ̀jíṣẹ́, kí n há nọ́ńbà mẹ́fà sórí, kí n padà dé, wọ́n ní ó ti pẹ́. Mo tún un ṣe, ó tún ti pẹ́. Nígbà kẹta, iná lọ, nẹ́tíwọ̀kì bá a lọ. Báńkì ti yọ owó mi, bùbá ò sí níbì kankan! Mo wá nọ́ńbà tí mo lè pè, kò sí. Ẹ̀rọ kan ló ń dáhùn nísàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ohun tí mo bi í kọ́ ló ń fèsì sí.

Ni ọmọ ọmọ mi ọkùnrin bá wọlé: “Ìyá, ẹ gbé e wá. Kí ni PIN yín?” Ọmọ ọdún 11! Báńkì ní a ò gbọdọ̀ sọ PIN fún ẹnikẹ́ni, àwọn wọ̀nyí wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí àgbà ò lè rajà níbẹ̀ láìsọ ọ́. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni, mi ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ojú mi ló bàjẹ́. Tí ènìyàn bá ti lé ní 40, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé síwájú kó tó lè kà á. Àwọn tó ń kọ ewé inú páálí oògùn náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Màlété fi hàn mí pé láti 2008 ni ẹgbẹ́ W3C, àwọn tó ń ṣe ìlànà fún ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ti là á sílẹ̀: kí ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìlọ́po 4.5 yàtọ̀ síra, ó kéré tán. Kí ènìyàn lè sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Láti 2008! Ta wá ni wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún? Ta ló ń ra léèsì ju ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó lọ? Ìlú ahunṣọ ni Ìlọrin. Lọ́jà wa, wọn á fún àgbà ní àpótí jókòó, wọn á gbé aṣọ sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, wọn á ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Ẹ dá owó mi padà. Ẹ fi dúdú kọ̀wé yín. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, kí ènìyàn gbé e, kó sì gbọ́ Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù!