Ẹnu Nìkan Kọ́ Ni Májèlé Ń Gbà Wọ Ara

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí ọkùnrin kan ní ọjà Ìgbọ́nà nílùú Òṣogbo tí ó ń fi ọwọ́ lásán rọ oògùn apakòkòrò láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kékeré fún ìyá àgbàlagbà kan. Ìyá náà béèrè bóyá oògùn yìí kò ní ṣe àwọn ọmọ-ọmọ òun ní jàǹbá, ó sì dáhùn pé, "Ìyá mi, bí kò bá ṣáà ti gba ẹnu wọlé, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fún wọn ní epo pupa lá." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, lẹ́nu àwọn tí ń ta ẹ̀wà, àti lẹ́nu àwọn tí ó kàwé pàápàá, irọ́ sì ni.

Ọ̀rá wà nínú awọ ara wa. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ni ó máa ń bá ọ̀rá rẹ́, tí ó sì ń ti ibẹ̀ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, láìsí egbò, láìsí ìrora. Ní 1971, Howard Maibach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí parathion, tí í ṣe oògùn apakòkòrò, jáde. Nínú èyí tí wọ́n fi pa awọ apá, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ni ó wọlé. Iwájú orí gba nǹkan bí ìdá 36, abíyá sì gbà ju ìdá 60 lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni òógùn ti ń bo ẹni tí ń fín kòkó lọ́sàn-án gangan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, ẹ̀kán díẹ̀ nínú dimethylmercury, májèlé olómi kan tí ó ní mercury nínú, ta sí orí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí Karen Wetterhahn wọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́míìsìrì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà. Kò mu ún, kò tọ́ ọ wò. Májèlé náà gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá sí awọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì pa á ní oṣù kẹfà ọdún 1997. Wọn kì í ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni kí ẹ wò.

Èmi fúnra mi kò ní gbàgbé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi fín kòkó lóko rẹ̀. Mo fi aṣọ di ẹnu àti imú mi pinpin, láìmọ̀ pé pọ́ǹpù tí mo gbé pọ̀n ń jò sí mi lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, ojú mi ń ṣomi, mo ń bì, mi ò sì lè mí dáadáa. Epo pupa tí wọ́n fún mi nílé bá èébì jáde. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, kí dókítà tó fún mi ní abẹ́rẹ́ atropine, tí í ṣe ẹ̀rọ̀ irú májèlé bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ti bọ́ aṣọ mi, ó sì ń fi ọṣẹ àti omi fọ ẹ̀yìn mi.

Ọ̀nà imú tilẹ̀ le ju ti ẹnu lọ nígbà mìíràn. Bí ènìyàn bá gbé mercury olómi, irin tí ń ṣàn bí omi, mì, èyí tí yóò wọ ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá fa ooru rẹ̀ símú, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ni yóò wọ ara.

Wọ́n á ní bàbá àwọn fín kòkó fún ọgbọ̀n ọdún láìsí ìyọnu. Oríire bàbá wọn nìyẹn. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni awọ ń fà wọlé bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìgbọ́nà kọ́ ni a ó fi dán an wò.

Bí oògùn bá dà sí yín lára, ẹ bọ́ aṣọ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀.