Ẹ Kó Pákó Lọ Sí Àgbọ̀wá, Ẹ Má Kó Eruku Tẹ̀ Lé E

Nínú gbogbo àwíjàre lórí ètò Ìjọba Èkó láti kó àwọn onípákó Òkóbàbá, ibi ìlàgi tó wà létí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, lọ sí Àgbọ̀wá, èéfín eruku igi tí wọ́n ń sun, tó ń bo afárá Third Mainland, la gbọ́ jù, lẹ́yìn náà ìdọ̀tí inú ọ̀sà. A ò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa mọ́tò kọjá lórí afárá, ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń fa èéfín ọ̀hún. Ẹni tó dúró ti ayùn láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́?

A ti béèrè rí. A tún ń béèrè.

Eruku ìrókò àti ti arère, àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń fa ikọ́ fée (asthma) fún ẹni tó ń là wọ́n. Láti 1995 ni ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ikọ́ fée yìí sì mọ ìfarapamọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá jókòó, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é. Ìgbà tó bá ru pákó, tó ń gbé e gun ọkọ̀ akẹ́rù, ni àyà rẹ̀ máa há, tí á máa mí gúlegúle. Nígbà mìíràn ó di òru kí ikọ́ tó gbé e dìde, á ní òtútù ni. Bó bá sinmi lọ́jọ́ Àìkú, ara á fúyẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ó tún dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ó ti ya ọ̀lẹ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí wọ́n yéé fi ẹnu lásán bi òṣìṣẹ́ tó jókòó pé ṣé ara le. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ láti fi wọn èémí, ọwọ́ kan ló ń gbà á. Kó fẹ́ ẹ kó tó wọṣẹ́, kó tún fẹ́ ẹ lẹ́yìn tó bá ti ru ẹrù tán.

Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ti 1987 ò fi èyí ṣòro: ibi tí eruku ti ń jáde gan-an ni kí ẹ̀rọ ti fà á, kó má ráyè tàn ká. Ẹnu ayùn lòfin ń wí, kì í ṣe imú òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀gá kankan má tún kó ìbòmú aláṣọ wá pín níwájú kámẹ́rà, kó pè é ní ètò ààbò. Ó ti sú wa. Àwọn ayẹ̀léwò tó ń gbowó oṣù lórí òfin yìí, ìgbà wo ni wọ́n ti wọ ilé ìlàgi kẹ́yìn, tí aṣọ wọn sì kún fún eruku?

Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́, ti 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà. Ta ló ń dá ti alágbàṣe ojúmọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan?

Kí Ìjọba Èkó má fún ilé ìlàgi kankan ní àṣẹ iṣẹ́ ní Àgbọ̀wá láìsí ẹ̀rọ tó ń fa eruku lẹ́nu ayùn. Kí wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn ilé ìlàgi tí wọ́n bá yẹ̀ wò jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Bí a ò bá rí i lóṣù tó ń bọ̀, ojú ewé yìí náà la ó ti béèrè.