Ògúnléye àti Miami: ṣé aláìmoore ni, àbí ó mọ iye ara rẹ̀?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, ẹ bá mi dá sí i. Adéwálé Ògúnléye, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Brooklyn, adènà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já wọlé bá kọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, kó gbé e ṣánlẹ̀ kó tó jù ú. Sáàkì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní 1999, ọdún tó lò kẹ́yìn ní Yunifásítì Indiana, orúnkún rẹ̀ já. Ní 2000, agbábọ́ọ̀lù 254 ni wọ́n ṣà níbi draft NFL, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ń ṣa agbábọ́ọ̀lù tuntun, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Miami Dolphins ló gbà á, tí wọ́n sì dúró dè é títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi san. Ní 2003 ó ṣe sáàkì 15, kò sẹ́ni tó ṣe tó o ní AFC, ọ̀kan nínú ìpín méjì tí NFL pín sí. Nígbà tó di 2004, ó ní òun ò fọwọ́ síwèé tí wọ́n gbé wá, kò sì dé ibùdó ìgbáradì wọn. Nínú oṣù kẹjọ wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Chicago Bears. Ṣé ohun tó ṣe fáwọn èèyàn yẹn dáa? Lójú tèmi, kò dáa.

Bàbá Ìbejì: Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì.

Ṣèyí Chicago: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oore wo? Ẹni tí wọn ò pè níbi draft, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún un. Ó gba owó yẹn, kò ráhùn. Nígbà tó wá di ẹni tí gbogbo kọ́tábáàkì ń sá fún, ìwé ọlọ́dún kan ṣoṣo ni wọ́n tún gbé síwájú rẹ̀. Orúnkún tó ti já rí lè tún já. Ní NFL, kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n kọ sínú ìwé léèyàn ń rí gbà bó bá farapa. Èyí tí wọ́n kà sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó fọwọ́ síwèé ló dá a lójú. Ẹ ní kó ṣe báwo?

Tọ́lá B: Ṣé Wale tó ń kọ ràápù yẹn ni? Mi ò mọ̀ pé ó gbá bọ́ọ̀lù rí o.

Dèjì Giants: Ẹlòmíì nìyẹn, Tọ́lá. Akíntìméhìn ni ti olórin. Òun náà sì gbá a ní yunifásítì.

Tọ́lá B: Hẹn-ẹ́n! Mi ò kúkú ṣìnà jìnnà 😂😂

Alágbára Mushin: Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri lẹ ń pè ní bọ́ọ̀lù. Tẹ́ ẹ bá ń wá adènà, Stephen Keshi rèé, Taribo West rèé. Àwọn yẹn ò dé akoto kí wọ́n tó wọ pápá.

Tọ́lá B: Irun Taribo nìkan tó akoto 😂

Ìyá Dára: Mi ò tíì ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo rí. Ọmọ mi tó wà ní háísúkù níbí ní Houston ò jẹ́ n sinmi, ó ní dandan òun fẹ́ gbá a. Orúnkún tó bá já báyẹn, ṣé ó ń padà sípò?

Ṣèyí Chicago: Ó ń padà, mà. Iṣan inú orúnkún ló máa ń já, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì lè tó bí ọdún kan kí ẹsẹ̀ tó le dáadáa. Ògúnléye ò gbá ìdíje kankan ní 2000. 2001 ló tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹnu ẹ lo fi sọ ọ́, Ṣèyí! Odidi 2000 ló fi jókòó, Miami ń bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ wo ló tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un?

Àrìnpé: Bàbá, ọmọ iṣẹ́ tó bá ti gba fúrídọ́ọ̀mù, ṣé ọ̀gá á tún ní kó wá máa ránṣọ lówó pọ́ọ́kú torí pé òun ló kọ́ ọ? Sáàkì 15 yẹn, ta ló jẹ èrè rẹ̀? Ṣebí àwọn náà ni.

Bàbá Ìbejì: Ọmọ iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ilé á dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Kì í pa ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tì láàárín iṣẹ́.

Dèjì Giants: Ẹ̀yin méjèèjì ń pariwo lórí ohun tí kò tó nǹkan. Jason Taylor, adènà Miami kejì, ló wà lódì kejì. Ọkùnrin yẹn ṣe sáàkì 18.5 ní 2002, òun ló ṣe jù ní gbogbo NFL. Èèyàn méjì ni wọ́n ń fi dí Taylor lọ́nà, Ògúnléye sì ń ráyè kọjá. Wọ́n gbé e dé Chicago ní 2004, kí ló ṣe? Sáàkì 5.

Ṣèyí Chicago: Ó ṣe 10 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ò sí nínú ìṣirò tìẹ? Ní 2003 kan náà, Taylor ṣe 13, Wálé Ògúnléye ṣe 15. Ta ló wá ń la ọ̀nà fún ta?

Dèjì Giants: Bó o bá fẹ́ mọ adènà, Osi Umenyiora ti New York Giants ni. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2007, sáàkì 6 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ Eagles ló sì ṣe é sí. Ó gba ife Super Bowl, àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mejì. Mélòó ni Wálé rẹ ní?

Ṣèyí Chicago: Sáàkì 6 yẹn! Winston Justice tó yẹ kó dí i lọ́nà ló dojú kọ, ọmọdé tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi í bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Gbogbo Giants pọ̀ ṣe 12 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ pápá ló ń gbé McNabb, kọ́tábáàkì Eagles, ṣánlẹ̀.

Dèjì Giants: Kí ló dé tí àwọn yòókù ò wá ṣe 6? Ìlara ń jẹ ọ́ ni.

Alágbára Mushin: Ìlara bọ́ọ̀lù tí ò rí roboto. Ẹ lọ wo ìdíje gidi.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ jọ̀ọ́, Miami ni mo béèrè o.

Àrìnpé: Miami fúnra wọn rí ẹ̀san. Marty Booker, agbábọ́ọ̀lù Bears, àti àǹfààní láti ṣa ẹnì kan ní ìpele kẹta draft 2005 ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ní 2004 yẹn, ìdíje 4 ni wọ́n jáwé olúborí, wọ́n pàdánù 12. Kí wọ́n tó kọ ìkọ̀ fún un ni wọn ì bá ti ronú.

Bàbá Ìbejì: MIAMI LÓ GBÀ Á NÍGBÀ TÍ KÒ SẸ́NI TÓ FẸ́ Ẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, owó ti fọ́ yín lójú.

Ṣèyí Chicago: Dèjì, ṣé o mọ̀ pé Osi rẹ náà bá Giants fa ọ̀rọ̀ owó? Ní 2011, ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tó pe NFL lẹ́jọ́. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò pe ìyẹn ní aláìmoore?

Dèjì Giants: Torí pé ó ti gba ife fún wọn. Wálé dé Super Bowl kan, ó pàdánù ẹ̀.

Ṣèyí Chicago: Lójú òjò! Ọjọ́ 4 oṣù kejì 2007, Colts 29, Bears 17. Ní Miami gan-an ni wọ́n ti gbá a, ìlú tí wọ́n ti ní ó mọ owó jù. Bears tó gbà á fún un ní àdéhùn ọdún 6, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé, 2004 títí dé 2009. Peyton Manning, kọ́tábáàkì Colts, ló na wá, kì í ṣe Wálé ló bà á jẹ́. Hester tiwa tiẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sá dé ilé!

Tọ́lá B: Hester yẹn ni mo rántí jù. Mo fò dìde lórí àga, ọbẹ̀ dà sílẹ̀ 😂

Ìyá Dára: Ẹ má bínú o, ó ku ti ọpọlọ. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń forí gbárí yẹn máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ilé ìwé ló dá mi lójú fún ọmọ mi.

Àrìnpé: Òótọ́ ni, mà, ewu wà ńbẹ̀. Ògúnléye alára padà kàwé gba MBA lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Báńkì UBS ló bọ́ sí, ó ń gba àwọn eléré ìdárayá nímọ̀ràn lórí owó wọn.

Bàbá Ìbejì: Owó náà nìyẹn o. Owó, owó, owó.

Àrìnpé: Bàbá, ta ni kò fẹ́ owó tó ṣiṣẹ́ fún?

Dèjì Giants: Ṣèyí, o sá fún ìbéèrè mi. Ife mélòó?

Ṣèyí Chicago: Mi ò sá. Lọ́jọ́ tí ẹ na Patriots 17 sí 14 ní Super Bowl, ta ló ṣe sáàkì 2? Justin Tuck ni. Osi ò ṣe ẹyọ kan.

Dèjì Giants: O ti wá ń fi Giants bá Giants jà báyìí?

Alágbára Mushin: Taribo West ò bá ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ṣèyí Chicago: Dèjì, sọ iye tí Osi ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì ń dúró.