Ìdọ́gba Nìkan Kò Tíì Gbé Obìnrin Dé Ilé Aṣòfin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ ìdọ́gba àti ìṣedéédé láàárín ọkùnrin àti obìnrin bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìdọ́gba ni pé kí òfin má wo ẹni tó jẹ́ akọ tàbí abo, kí ó fún àwọn méjèèjì ní ohun kan náà. Ìṣedéédé ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ wo ohun tó dí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà, kí ó tó pín nǹkan. Ní Nàìjíríà, ìdọ́gba ti wà nínú ìwé, nítorí abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbà kí a fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú torí pé ó jẹ́ obìnrin. Síbẹ̀, nígbà tí ìdìbò ọdún 2023 parí, nínú ìjókòó 109 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, obìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n kéde pé ó wọlé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin wa dìbò ta ko àbádòfin tí ìbá fi ìjókòó 111 kún ti ilé aṣòfin àpapọ̀ fún obìnrin nìkan. Àwọn tó fara mọ́ ìpinnu náà ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí obìnrin náà jáde wá díje. N kò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn ní irọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Ìjẹ̀bú tó lọ́kọ sí Èkìtì. Bí ó bá fẹ́ díje ní Ìjẹ̀bú, wọn á ní kí ó lọ sílé ọkọ rẹ̀. Bí ó bá dé Èkìtì, wọn á ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò ní gbọ́ irú èyí láéláé, ibi yòówù kí ó ti gbé ìyàwó. Ìpàdé wọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ yóò fà kalẹ̀, sábà máa ń wọ òru. Ọkùnrin tó bá ti ibẹ̀ dé ní aago kan òru, olóṣèlú tó mọṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rojọ́ fún ọkọ, fún ìyá ọkọ, àti fún àwọn aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kò kàn rárá. Kò sí òfin tó kọ gbogbo èyí sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí òfin ìdọ́gba kò fi rí i mú.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà gbìyànjú ohun kan tó jọ ìṣedéédé. Ní ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ìdíje sípò ààrẹ ní mílíọ̀nù 100 náírà, wọ́n yọ̀ǹda mílíọ̀nù 70 nínú rẹ̀ fún obìnrin. Obìnrin kan ṣoṣo ló gba fọ́ọ̀mù náà, ó sì juwọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn níbi ìdìbò abẹ́lé. Owó fọ́ọ̀mù wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé ni agbára wà, owó tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń retí kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Ìrànlọ́wọ́ tí a kò gbé síbi tí ìdènà gan-an wà, ẹ̀ṣọ́ ojú lásán ni.

Àwọn tó ń pe ìjókòó àkànṣe fún obìnrin ní ojúsàájú kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìsinmi ìbímọ. Òfin iṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10. (Ọjọ́ 10 yẹn kéré lójú tèmi, àmọ́ ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá àti bàbá gba iye ọjọ́ kan náà nítorí ìdọ́gba.

Ẹ̀rù kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì, pé ìyàwó àti ọmọbìnrin àwọn alágbára ni yóò gba ìjókòó wọ̀nyí. Ó ṣeé ṣe, bí ọmọkùnrin wọn ti ń gba èyí tó wà nílẹ̀ báyìí. Wọ́n ti tún gbé irú àbádòfin náà wá sí ilé aṣòfin àpapọ̀ kẹwàá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un pé obìnrin tó wà nílé ọkọ lè díje níbi tí wọ́n ti bí i tàbí níbi tó lọ́kọ sí, èyí tó bá wù ú, kí ẹgbẹ́ kankan má sì lè torí ìgbéyàwó dá a padà.