Irọ́ ni pé dengue kì í ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Abẹ́òkúta, vọ́ìsì nóòtù kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé ẹni tí ibà dengue, ìyẹn ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni, bá ti ṣe rí, kò lè ṣe é mọ́, tó bá tiẹ̀ padà wá, kò ní le. Irọ́ ni o, irọ́ tó lè pààyàn sì ni.

Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò àrùn (fáírọ́ọ̀sì) tó ń fa dengue. Tí ọ̀kan bá ti ṣe yín, ara yín á mọ ìyẹn jà títí ayé, àmọ́ ààbò lórí àwọn mẹ́ta tó kù kì í pẹ́ lọ, tí oríṣi mìíràn bá wá wọlé lẹ́yìn náà, àwọn sójà tí ara ti ní nílẹ̀ á gbá a mú lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn ò ní lè pa á, wọ́n á kàn bá a wọnú sẹ́ẹ̀lì ni, ibẹ̀ ló ti máa bí sí i, àìsàn náà sì lè wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo Cuba, oríṣi 1 jà níbẹ̀ ní 1977, oríṣi 2 dé ní 1981, èèyàn 158 ló kú. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń le ṣá, ẹlẹ́ẹ̀kíní náà lè le.

Tí ibà bá rọlẹ̀ tí inú wá ń run yín gan-an, tẹ́ ẹ̀ ń bì léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lérìgì, ẹ sáré lọ ọsibítù, ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen rárá. Ẹ̀fọn tó ń kó o ranni, ojúmọmọ ló sábà máa ń jẹni, kẹ́ ẹ yáa yẹ dúrọ́ọ̀mù omi ẹ̀yìnkùlé yín wò, tí tanwíjí bá ń jó nínú ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ ha inú ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ dé e pa.