Ta ló ní iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Òtítọ́ ni kó máa fòfin de ìwé?

Bí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ìjọba tó ń di aráàlú lẹ́nu, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi dárúkọ Ilé-iṣẹ́ Òtítọ́ inú ìwé 1984 tí George Orwell kọ. Ohun tó máa ń wà lọ́kàn onítọ̀hún ni ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń fi gègé pupa fagi lé ewì, tí wọ́n ti ń gba orin lẹ́nu olórin, tí wọ́n sì ń ju ẹni tó bá ráhùn sí àtìmọ́lé. Mo fura pé ọ̀pọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣí ìwé náà rí.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti àtìmọ́lé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́rin ló wà ní Oceania, ilẹ̀ ńlá tí Orwell fọgbọ́n orí dá sílẹ̀, èyí tí Amẹ́ríkà ti gbé gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì mì sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ìfẹ́ ló ń mú ènìyàn, òun ló sì ń fìyà jẹ wọ́n. Ti Òtítọ́ ní tirẹ̀, ìròyìn, fàájì, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọnà ló wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ilé funfun tó ga tó 300 mítà ni, ó ní yàrá 3,000 lókè ilẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ pé ká sáà máa sọ pé "má ṣe" ni gbogbo iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi yàrá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe. Àwọn mẹ̀kúnnù, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, ni wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn fún, èyí tó kún fún eré ìdárayá, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ìràwọ̀ wíwò. Fíìmù ìṣekúṣe náà wà, orin ìfẹ́ sì wà tí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní versificator ń hun jọ. Julia, ọmọbìnrin tí Winston, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí ìtàn náà dá lé lórí, ń fẹ́, sípánà ló ń mú dání lẹ́nu iṣẹ́, torí ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé ìtàn ló ń bójú tó.

Ibi tó wù mí jù rèé. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìwé oníhòòhò pélébé-pélébé, tí wọ́n á dì pa. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ̀kúnnù á yọ́ lọ rà á, wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á rò pé ohun èèwọ̀ làwọn rà. Ohun tí ọmọ náà gbà pé òun fi ń tàpá sí ìjọba, ìjọba ló kọ ọ́, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló dì í.

Obìnrin kan tún wà tó ń sá ìlédìí ọmọ sórí okùn lábẹ́ fèrèsé yàrá tí Winston àti Julia háyà. Ọ̀kan nínú àwọn orin ẹ̀rọ yẹn ló ń kọ, ohùn rẹ̀ sì dáa débi pé orin játijàti náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Kò sẹ́ni tó pa á lẹ́nu mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ fún? Orin tiwọn ló ń kọ.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń ba ewì jẹ́. Iṣẹ́ Ampleforth, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, nìyẹn: ewì àtijọ́ tí kò bá ìlànà Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba mu mọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì fẹ́ lò, á tún un kọ, wọ́n á ní ojúlówó nìyẹn. Ohun tó sì gbé òun náà dé àtìmọ́lé ni pé ó fi "God" sílẹ̀ níparí ìlà ewì kan tí Kipling, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, kọ, torí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá "rod" ró papọ̀, kò sì rí òmíràn. Etí akéwì ló kó bá a, ọmọ Ẹgbẹ́ rere ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀hónú ńkọ́? Òun náà, àwọn ló ń pèsè rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ojú Goldstein, olórí ọ̀tá, jáde fún aráàlú láti kórìíra, á sì máa béèrè òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lórí ẹ̀rọ ìjọba gan-an. Ìwé tí wọ́n ní ó kọ, tí àwọn tó fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ ń kà ní bòókẹ́lẹ́, O'Brien tó jẹ́ èèkàn Ẹgbẹ́ sọ fún Winston nínú àhámọ́ pé òun wà lára àwọn tó kọ ọ́. Òfin tí gbogbo ènìyàn sì ń wí kò tilẹ̀ sí. Orí kìíní ló ti wà pé kò sí òfin kankan mọ́ ní Oceania, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú tàbí ọdún 25 ní àgọ́ iṣẹ́ àṣekára ló ń dúró de ẹni tó bá ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn tó ní Rọ́ṣíà nìkan ni Orwell ń bá wí náà ò gbé e tán. Mi ò ní kí Stalin, olórí Rọ́ṣíà nígbà náà, má sí níbẹ̀. Àmọ́ Senate House ní London ni ilé gogoro yẹn jọ, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Orwell fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní BBC láti 1941 sí 1943. Ó ń gbé ewì àti ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ sáfẹ́fẹ́ sí Íńdíà, kí àwọn ará ibẹ̀ má bàa kẹ̀yìn sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun.

Ní 1944, Jonathan Cape tó ń tẹ ìwé jáde ti fẹ́ gba Animal Farm, ìtàn ẹranko tí Orwell fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Rọ́ṣíà, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba yẹn, onítọ̀hún sì kìlọ̀ fún un, torí ọ̀rẹ́ ogun ni Rọ́ṣíà nígbà náà. Cape bá yọwọ́. Ó tún kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ì bá sàn bí kì í bá ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹranko tó ń ṣe olórí. Kò sẹ́ni tó fòfin de ìwé náà o. Oṣù kẹjọ 1945 ló jáde, lọ́dọ̀ Secker & Warburg, ẹlẹ́dẹ̀ ṣì ni olórí.