Ìwúwo Ẹrù Kọ́ Ló Ń Mú Tírélà Dúró Ní Kọ́nà

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tírélà láti Àpápá dé Mile 2, àwọn èrò ọkọ̀ náà sì ti gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ òfìfo ló ń ṣubú. Pé tí ẹrù bá ti kún kọ̀ǹténà dáadáa, ọkọ̀ á jókòó pa sórí ilẹ̀, kò sí kọ́nà tó lè gbé e. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó wúwo ṣòroó tì. Àmọ́ irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pa èèyàn ni. Ní kọ́nà, ìwúwo kò gba ọkọ̀ kankan là. Bí ẹrù ṣe ga tó lórí táyà, bí táyà ọ̀tún àti tòsì ṣe jìnnà síra tó, àti eré tí awakọ̀ bá wọ kọ́nà: àwọn mẹ́ta yìí ló ń pinnu ẹni tó máa délé.

Tí ọkọ̀ bá ń yà, ara rẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Ìyẹn ló ń bí agbára tó ń tì í síta kọ́nà. Agbára náà kì í pọ̀ ní díẹ̀díẹ̀: tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀gbẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Òkè, níbi tí ìwọ̀n ọkọ̀ kó jọ sí, ló ti ń ti ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ ni táyà ti ń dì í mú. Nítorí náà, ó fẹ́ yí ọkọ̀ dà lé táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀ nìkan ló ń bá a jà.

Ibẹ̀ yẹn ni àṣìṣe wọlé. Òótọ́ ni pé tí ẹ bá sọ ẹrù di ìlọ́po méjì, ohun tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà á di ìlọ́po méjì, torí pé ẹrù tó pọ̀ sí i ló fẹ́ máa lọ tààrà báyìí. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ìwúwo ti bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò. Gíga àti fífẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹténà fọ́tì fíìtì ṣe é. Ó gùn ní mítà 12.19, ó fẹ̀ ní mítà 2.44, ó sì ga ní mítà 2.59. Òfìfo rẹ̀ wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3.8. Ká ní orí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn tírélà jẹ́ tọ́ọ̀nù 15, tí ìwọ̀n àwọn méjèèjì kó jọ sí sẹ̀ǹtímítà 90 sókè ilẹ̀, tí irin tí kọ̀ǹténà jókòó lé sì ga ní mítà 1.5. Tí kọ̀ǹténà bá ṣófo, gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ kó jọ sí nǹkan bíi mítà 1.26 sókè. Tí ẹ bá wá di ẹrù sí i kún dé òrùlé, tí kọ̀ǹténà àti ẹrù fi di tọ́ọ̀nù 28, ibi tí ìwọ̀n kó jọ sí á gòkè dé mítà 2.07. Táyà kò sì fẹ̀ sí i o. Láti àárín ọkọ̀ sí àárín táyà ẹ̀gbẹ́ ṣì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 95, bó ṣe wà nígbà tó ṣófo.

Ẹ mú ọkọ̀ méjèèjì lọ sí kọ́nà tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín òbírí dé ojú ọ̀nà jẹ́ mítà 40. Tí a bá yọ díẹ̀ kúrò fún sípírìn tó ń tẹ̀ àti táyà tó ń rọ̀, òfìfo á bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní nǹkan bíi kìlómítà 57 láàárín wákàtí kan. Ẹlẹ́rù kíkún á ti dà ní nǹkan bíi 42. Èyí tí wọ́n ní ó jókòó pa ló kọ́kọ́ ṣubú. Ní 30, ní kọ́nà kan náà, agbára ẹ̀gbẹ́ jẹ́ nǹkan bíi ìdajì ohun tó lè dà á nù. Kìlómítà 12 péré ló wà láàárín ẹni tó rìn ín jẹ́jẹ́ àti ẹni tó da ẹrù sórí ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀rí kan tún wà tó fi hàn pé kì í ṣe ìwúwo. Ẹ yọ ẹrù tó kún dé òrùlé yẹn kúrò, kí ẹ to táìsì ilẹ̀ síbẹ̀ tí kò ga ju mítà kan lọ, kí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ tọ́ọ̀nù 28. Ìwọ̀n kò yí padà rárá, síbẹ̀ ibi tó kó jọ sí ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 1.7, ọkọ̀ náà á sì fara da eré tó tó 46 kó tó dà. Ẹni tó ń kó bẹ́ẹ̀lì ọ̀kírìkà kún dé òrùlé kò gbọ́dọ̀ fi eré ẹni tó kó táìsì wọ kọ́nà. Ẹ sì ṣọ́ ẹrù tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ìwọ̀n ẹrù inú kọ̀ǹténà bá fi sẹ̀ǹtímítà 20 yẹ̀ kúrò láàárín, bí ìdá kan nínú méje agbára ìdúró ọkọ̀ ti lọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Awakọ̀ kò lè rí i láti ìta, torí wọ́n ti fi èdídì ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà ní èbúté. Ohun tó lè rí ni bí ọkọ̀ ṣe dúró: kó wo sípírìn àti táyà ẹ̀yìn lápá méjèèjì lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Tí apá kan bá tẹ̀ ju ìkejì lọ, kó má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó tún ẹrù tò.

Ohun tó ń tan awakọ̀ jẹ ni ìjókòó tó wà. Orí ọkọ̀ ní sípírìn tiẹ̀, ẹ̀yìn ní tiẹ̀, irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn tó wà lápá inú kọ́nà bá ti kúrò nílẹ̀, ara awakọ̀ lè má tíì mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ̀yìn bá fi máa fa orí ọkọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti ẹni tó ní òun mọ ọkọ̀ òun lára: ibi tó jókòó sí kọ́ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eré tó wà lójú aago ni kó gbà gbọ́, kó sì ti tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tó bá ti wà nínú rẹ̀. Yíyà fìrí láti sá fún kòtò tàbí dánfó tó dúró gbé èrò, kéèyàn tún dá ọwọ́ padà kíá, máa ń mú ẹ̀yìn tírélà fì ju orí ọkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kòtò ló ń da tírélà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe sá fún kòtò náà ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí òótọ́ wà nínú ìgbàgbọ́ yìí, torí kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ kàn lá a lálàá. Atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn kò mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Bó ṣe ń ti òfìfo ló ń ti ẹlẹ́rù. Ìjì tó ń fẹ́ ní kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan lè ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹténà fọ́tì fíìtì pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Fún ẹlẹ́rù, kékeré nìyẹn. Fún kọ̀ǹténà òfìfo tí wọn kò dè, tó kàn jókòó lórí irin tútù, ó tó láti tì í kúrò lórí ọkọ̀. Àwọn tó rí òfìfo tó fò sílẹ̀ nígbà ìjì kò purọ́. Wọ́n kàn sọ ohun tó jẹ́ ti atẹ́gùn di ti kọ́nà.

Ìgbàgbọ́ kejì burú ju èyí lọ, òun náà ló sì ń dùn mí jù. Kọ́kọ́rọ́ oníyíyí mẹ́rin, twist-lock, ló yẹ kó de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà mọ́ tírélà. Àwọn awakọ̀ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èrò wọn ni pé tí kọ̀ǹténà bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má fa orí ọkọ̀ tàwọn lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Irin tó jókòó lórí irin kì í dì mọ́ra, pàápàá tí òjò tàbí epo bá ti kàn án. Níbi tí wọ́n ti gé orí kọ́kọ́rọ́ kúrò, tàbí tó ti jẹ tán, kò sí nǹkan tó ń dá kọ̀ǹténà dúró ju ìfararora irin yẹn lọ. Ní kọ́nà mítà 40 wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 32, nígbà tí èyí tí wọ́n dè dáadáa ṣì lè dé 42. Tí táyà bá tún kó sí kòtò, tí ọkọ̀ sọ sókè, ìwọ̀n tó wà lórí irin á fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì yọ̀ ní eré tó kéré sí i. Níbi tí orí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ṣùgbọ́n tí wọn kò yí i, ó lè dènà kó má yọ̀, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti fì, kọ̀ǹténà á gbéra kúrò lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kò dín ewu kù. Ó mú un súnmọ́, ó sì yàn pé ẹlòmíì ni yóò rù ú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúelégba lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, èèyàn mẹ́ta kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúelégba kan náà, kọ̀ǹténà bọ́ lu bọ́ọ̀sì akérò nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn kan ń wo orúkọ àdúgbò náà, wọ́n ń di ẹ̀bi ru Ẹlẹ́gbára. Ibi tí ẹrù gíga bá ti ń gba òkè orí èrò kọjá, kò dìgbà tí òrìṣà bá dá sí i kí ẹ̀mí tó ṣòfò.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ yẹ kọ́kọ́rọ́ wò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ihò igun kọ̀ǹténà, kó sì dábùú ihò náà. Tó bá ṣì dúró bó ṣe wọlé, kò tíì ti. Ẹ wo igun kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀, torí irin tó ti dípẹtà, tó ti ya, kò lè di nǹkan mú. Okùn, wáyà àti ṣéènì kò lè rọ́pò kọ́kọ́rọ́. Ẹ wà á díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un yẹ̀ wò, torí kòtò Àpápá lè mì í ṣí.

Ti tánkà yàtọ̀, àmọ́ ìwúwo kọ́ ló ń pinnu níbẹ̀ náà. Tánkà tó gbé ìdajì epo fúyẹ́ ju èyí tó kún, ṣùgbọ́n epo tó ní àyè á sáré lọ sí apá òde kọ́nà, ìwọ̀n á sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Irin tí wọ́n fi dábùú inú tánkà ń dá epo dúró kó má sáré síwájú sẹ́yìn ni; kò dènà ti ọ̀tún àti òsì. Omi tó wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti CMS: bí ọkọ̀ bá fì díẹ̀, omi náà á sáré lọ síbẹ̀, á mú un fì sí i. Ẹ ní kí wọ́n gbọ́n ọn kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì ti jókòó, ẹ má dìde. Bí èrò mẹ́wàá bá dìde lẹ́ẹ̀kan, wọn kò fi ohunkóhun kún ìwọ̀n ọkọ̀, wọ́n kàn gbé e gòkè ni.

Ó ku ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ kékeré. Láti ilẹ̀ dé orí kọ̀ǹténà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4.1. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kì í sábà ju mítà 3.65 lọ. Tí tírélà bá dà, orí rẹ̀ lè bo ojú ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán. Apá òde kọ́nà ló ń ṣubú sí: tí ọ̀nà bá yà sósì, ọ̀tún ni, tó bá yà sọ́tùn-ún, òsì ni. Ẹ má bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara nínú kọ́nà, ì báà jẹ́ orí Eko Bridge tàbí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjọ́ra. Ẹ dúró sẹ́yìn títí ọ̀nà á fi tọ́, kí ẹ tó yà á sílẹ̀. Bí àyè bá sì wà níbòmíì, ẹ má dúró de dánfó lábẹ́ etí afárá tí tírélà ń gbà.